Prado TX-L ni mò ń wà, ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀ sí VX-L àbí kí n tún tèmi ṣe?

ỌmọKétu_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti lo Prado pẹ́ tàbí tó ń tún un ṣe. Toyota Prado 150 TX-L ni mò ń wà, 2018, gasoil (dísẹ́ẹ̀lì) 2.8, ọ̀tòmátíìkì. Kò dá mi dúró sójú ọ̀nà rí, ẹ́ńjìnì ẹ̀ mọ́, gíá ẹ̀ ń wọlé jẹ́jẹ́. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, Kútọnù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Kétu ni ilé bàbá mi wà, oko wa náà wà lọ́hùn-ún, oṣù kan ò lè kọjá kí n má gba Sakété àti Pọ́bẹ̀ gòkè lọ, nígbà míì a sì máa ń lọ títí dé Ṣábẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àna mi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni pé ẹnì kan tó ń ta mọ́tò ní Kútọnù ní VX-L kan nílẹ̀, ìyẹn ìpele tó ga ju TX-L lọ, 2018 náà ni, ẹ́ńjìnì kan náà, ara ẹ̀ dúdú, ìjókòó ẹ̀ aláwọ tó fẹ́ẹ́ jọ funfun. Ó ní kí n gbé tèmi sílẹ̀ kí n fi mílíọ̀nù 6 sẹ́fà lé e. Mo ti lọ wò ó, n ò ní parọ́, ó wù mí gan-an. Fíríìjì kékeré wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì, ìjókòó iwájú ọ̀hún ń fẹ́ atẹ́gùn tútù séèyàn lẹ́yìn, kámẹ́rà mẹ́rin ló ní, iná iwájú ẹ̀ LED, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá bọ́tìnnì lèèyàn ń tẹ̀ tó fi ń ká ara ẹ̀ sílẹ̀, bọ́tìnnì míì tún wà tó ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè tó tún ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹni tí mò ń rò jù ni ìyá mi. Wọ́n ti dàgbà, ìbàdí ń dùn wọ́n, orúnkún náà ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ká tó dé Kétu á ti rẹ̀ wọ́n pátápátá, wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ń jù wọ́n sókè. Ìyàwó mi ní kí n má wulẹ̀ pààrọ̀ ọkọ̀, kí n ná owó yẹn sórí èyí tó wà nílẹ̀, ká pààrọ̀ amọ́tísọ̀ (ohun tó ń gba mímì ọkọ̀ mọ́ra lẹ́sẹ̀ táyà), ká wá ìjókòó aláwọ àti ríìmù VX sí i. Èmi wá fẹ́ mọ̀: kí ló wà lára VX-L tó máa yí ìrìn padà fún ẹni tó jókòó lẹ́yìn ní tòótọ́? Ṣé nǹkan kan wà tí wọ́n lè yọ lára VX-L tí wọ́n á fi sí TX-L? Àti ìdí ọkọ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀ yẹn, ṣé ó ń pẹ́ lójú ọ̀nà tiwa yìí? Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn.

Mẹ̀káníìkì_Wàǹdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o. Prado ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Wàǹdó níbí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. TX-L àti VX-L tí ẹ ń sọ yìí, férémù kan náà ni, ẹ́ńjìnì 1GD kan náà, gíá mẹ́fà kan náà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo lára àwọn méjèèjì, gíá kékeré tí wọ́n fi ń jáde nínú ẹrẹ̀ wà lára àwọn méjèèjì. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé VX-L lágbára ju TX-L lọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára ẹṣin 177 ni 2.8 yẹn ní ní 2018, ọdún 2020 ni wọ́n gbé e lọ sí 204. Tó bá jẹ́ agbára lẹ ń wá, ọdún ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ tó kan ìyá yín ni ẹsẹ̀ ọkọ̀. TX-L yín, sípíríńgì onírin ló wà lẹ́yìn. VX-L tó ní bọ́tìnnì yẹn ò ní sípíríńgì onírin lẹ́yìn rárá, róbà tó kún fún afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ ló ń fún un ní afẹ́fẹ́, sẹ́ńsọ̀ sì ń wo bí ìdí ọkọ̀ ṣe ga tó. Nígbà tó bá ṣì dára ó dùn ún jókòó sí, ẹ lè kó èèyàn méje àti àpò àgbàdo sí i, ìdí ẹ̀ á kọ́kọ́ wọlẹ̀ díẹ̀, á sì gbé ara ẹ̀ padà. Àmọ́ róbà ni o. Erùpẹ̀ pupa àti yanrìn máa ń há síbi tó ti ká wọnú ara ẹ̀, á máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, oòrùn àti ọjọ́ orí á sì mú kó sán bíi róbà kẹ̀kẹ́ tó ti gbó. Tó bá ti ń jò, kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ ò ní sinmi mọ́, òun náà á jóná, owó méjì nìyẹn. Ọkọ̀ 2018 ti tó ọjọ́ orí tó yẹ kéèyàn fura sí róbà yẹn tí kò bá sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó gbé e síbi tó tẹ́jú lálẹ́, kó pa á, kẹ́ ẹ fi rúlà wọn àlàfo láti àárín táyà ẹ̀yìn dé etí ara ọkọ̀ tó wà lókè ẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ padà wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná sí i. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti sọ̀, ó ń jò. Kẹ́ ẹ sì dúró sẹ́yìn ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣíná, tí kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ bá ń han-n pẹ́ kí ìdí tó gòkè, agbára ẹ̀ ti ń lọ. Àwọn kan máa ń yọ gbogbo ẹ̀ dànù tí wọ́n á fi sípíríńgì onírin sí i, ó ṣeé ṣe, mo ti ṣe é fún oníbàárà, àmọ́ tí ẹ bá máa san mílíọ̀nù 6 tí ẹ ó wá padà sí sípíríńgì tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, kí wá ni ẹ rà?

Nǹkan kejì ni KDSS. Ọ̀pá kan wà tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ẹsẹ̀ òsì níwájú àti lẹ́yìn, èyí tó ní KDSS, ọ́ìlì tó wà nínú sìlíńdà ló ń darí ọ̀pá yẹn. Lójú títì ó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ dúró ṣinṣin tí ẹ bá ń yí kọ́nà, tó bá wá dé ọ̀nà gbágungbàgun ó máa ń tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí táyà kọ̀ọ̀kan lè tẹ̀lé kòtò tiẹ̀. Mímì ọ̀tún-òsì tó ń da àwọn àgbàlagbà láàmú yẹn, òun ló ń dín in kù jù. Tí mo bá máa sanwó nítorí nǹkan kan lára VX-L, KDSS ni. Kì í ṣe gbogbo VX-L ló ní in o, ó da lórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́ ọ fún, ẹ ní láti wọ abẹ́ ẹ̀ lọ wò ó, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ọ́ìlì ń rin lẹ́bàá sìlíńdà yẹn.

Yíyọ láti ara VX-L sí TX-L: KDSS àti róbà afẹ́fẹ́, ẹ gbàgbé ẹ̀, iṣẹ́ àti owó ẹ̀ ju èrè ẹ̀ lọ. Ríìmù á wọlé. Ìjókòó, bọ́tù ẹ̀ á bá ihò mu, wáyà ni wàhálà, torí ẹ́ábáàgì wà nínú ẹ̀gbẹ́ ìjókòó àwọn kan, tí wáyà ẹ̀ ò bá bá ti ọkọ̀ yín mu iná SRS (iná ìkìlọ̀ ẹ́ábáàgì) á máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù títí láé, tí iná yẹn bá sì ń tàn, ẹ́ábáàgì lè má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀gánlá

Ẹ kú iṣẹ́ o mẹ̀káníìkì wa, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi náà gbè sẹ́yìn VX-L díẹ̀, torí mo ti wa TX rí, VX-L ni mò ń wà báyìí, n ò sì lè padà sẹ́yìn mọ́.

Ẹni tó bá ń gbé inú Àjàṣẹ́ mọ bí àdúgbò wa ṣe há tó. Ẹ gba ẹ̀bá Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí àwọn Àgùdà (àwọn tó padà dé láti Brazil) kọ́ yẹn lọ́jọ́ ọjà, zem (alùpùpù akérò) lọ́tùn-ún, zem lósì, ọmọdé tó gbé igbá lérí ń kọjá níwájú, tí ọkọ̀ míì sì ń bọ̀ lọ́kàn-ánkán. Prado fẹ̀, imú ẹ̀ ga, ẹni tó bá rìn mọ́ ọn ẹ ò ní rí i láti orí ìjókòó yín. Kámẹ́rà mẹ́rin yẹn ń fi ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ hàn mí lójú ekráàn, mo ń rí gọ́tà, mo ń rí abọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀wà nílẹ̀. Lójú tèmi kì í ṣe fáàrí rárá, èèyàn ló ń dáàbò bò.

Iná LED náà, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ọ̀nà Dassa sí Ṣábẹ̀ lálẹ́, ẹ ó bá camion (ọkọ̀ akẹ́rù) tó bàjẹ́ tí wọ́n gbé sílẹ̀ sójú títì láìsí iná kankan lẹ́yìn ẹ̀, ewé tí wọ́n já sílẹ̀ nìkan ni àmì tó wà níbẹ̀. Pẹ̀lú iná TX mi àtijọ́, àfi tí mo bá ti sún mọ́ ewé yẹn gan-an kí n tó rí i. Pẹ̀lú LED mo máa ń rí i nígbà tí àyè ṣì wà láti fẹsẹ̀ lé bíréèkì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ra gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú kó wá fi sínú ilé iná TX-L o, ilé iná yẹn ò ṣe fún un, ńṣe ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri tó ń fọ́ ojú àwọn tó ń bọ̀.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín nípa ìyá wa. Ìjókòó tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù yẹn, iwájú nìkan ló wà. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn, awọ lásán ló jókòó lé, tí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ sínú oòrùn ní Kétu, awọ yẹn á gbóná ju aṣọ TX-L yín lọ. Ìyá ọkọ mi, iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí báyìí. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní ọ̀wọ̀ àgbà ni kó wà lẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ríbi na ẹsẹ̀ sí tí ìdí ò sì jù wọ́n mọ́, wọn ò gbà kẹ́nikẹ́ni gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn mọ́. Ẹ lè dán ìyẹn wò nínú TX-L tí ẹ ní, kò gba owó kankan. Tí ẹ bá wá ra VX-L náà, ẹ wá èyí tí awọ ẹ̀ dúdú, erùpẹ̀ pupa tiwa yìí máa ń wọnú ojú abẹ́rẹ́ awọ funfun, ẹ ó fi aṣọ tútù nù ún títí, kò ní mọ́ tán.

Tunde_Pọ́bẹ̀

VX-L ni o jàre. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń gbé ayé. Ẹ gbé e.

Nọ́ọ̀sì_Kétu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti sọ̀rọ̀ fíríìjì, ẹ ti sọ̀rọ̀ awọ, mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ohun tó ń gba ẹ̀mí là. Iṣẹ́ mi ni pé kí n gba àwọn tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀ sí Kétu sílẹ̀ ní òru, ìdí nìyẹn tí mi ò ṣe lè dákẹ́.

Lára Prado yìí, bí ìpele ṣe ń ga sí i ni ẹ́ábáàgì ń pọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n kọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀ fún àwọn ọjà kan, tiwájú méjì ló ní, bóyá ti orúnkún dírẹ́bà. VX-L máa ń ní ti ẹ̀gbẹ́ àti ti kọ́tìnnì tó ń sọ̀ kalẹ̀ bo fèrèsé láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ lọ wo TX-L yín kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ pààrọ̀: wọ́n máa ń kọ SRS sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó iwájú àti sára òpó tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjì, lókè lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá rí i, ó wà. Ẹ tún wò ó bóyá bọ́tìnnì VSC wà níbẹ̀, òun ló ń di ọkọ̀ mú tí ẹ bá yà lójijì fún ewúrẹ́ tàbí alùpùpù tí ọkọ̀ sì fẹ́ fi ìdí gbá. Ọkọ̀ gíga bíi Prado nílò ẹ̀ ju ọkọ̀ kékeré lọ, torí ó rọrùn fún un láti dojú dé. Tí TX-L yín ò bá ní VSC tí VX-L sì ní in, èmi á ní kẹ́ ẹ san owó yẹn láìwẹ̀yìn. Tí àwọn méjèèjì bá ní in, ó kù sọ́wọ́ ìfẹ́ inú yín.

Àti nǹkan kan sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn kó de bẹ́líìtì. Àwọn ìyá wa ò fẹ́ ẹ, wọ́n ní ó ń há àwọn lọ́rùn. Ẹ bá wọn de é, ẹ gba ìsàlẹ̀ ìbàdí fún wọn, kó má gorí ikùn. Kẹ́ ẹ sì má fi kófà bo ìjókòó tó ní ẹ́ábáàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kófà yẹn lè má jẹ́ kó jáde.

Trànsítíà_Kútọnù

Mo kí yín o. Iṣẹ́ port ni mò ń ṣe, ìwé dùwáànì mọ́tò ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ọ̀rọ̀ mi ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá VX-L ni VX-L yẹn ní tòótọ́. Lẹ́tà ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, ọjà ni wọ́n ti ń ra á, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Mo ti rí TX tí wọ́n lẹ VX-L mọ́ lẹ́yìn, tí wọ́n fi awọ bo ìjókòó ẹ̀, tí wọ́n sì ki ríìmù 18 sí i.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, pátákó irin kékeré wà lára òpó níbẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà ṣásì, ẹ ó tún rí kóòdù módẹ́ẹ̀lì. GDJ150 ni gasoil 2.8, KDJ150 ni gasoil 3.0 àtijọ́, TRJ150 ni ẹsáǹsì (pẹtiróòlù) 2.7, GRJ150 ni V6 4.0. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìlà kékeré inú kóòdù yẹn ló ń sọ irú ara, gíá àti ìpele tí ọkọ̀ náà jáde pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò pátákó yẹn kẹ́ ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń ta pièces (ẹ̀yà ara ọkọ̀) Toyota, ó ní kátálọ́ọ̀gì tó fi ń wá a, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi sọ fún yín bóyá ọkọ̀ yẹn jáde nílé iṣẹ́ pẹ̀lú róbà afẹ́fẹ́ tàbí pẹ̀lú sípíríńgì. Kí nọ́ńbà tó wà lára pátákó bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sára férémù mu, kó sì bá carte grise (ìwé ọkọ̀) mu. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé kẹ́ ẹ má ya fọ́tò, ẹ máa lọ sílé yín.

Ẹ bi í pẹ̀lú ibi tí ọkọ̀ ti wá. Èyí tó bá wá láti Yúróòpù, fíltà tó ń gba dúdú inú èéfín gasoil wà nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì ẹ̀. Ọkọ̀ yẹn nílò gasoil tó mọ́, ó sì nílò ìrìn jíjìn kí fíltà yẹn lè gbóná kó jó ẹ̀gbin inú ẹ̀. Ẹni tó kàn ń wà á láti Ọ̀gánlá dé Wàǹdó, fíltà yẹn á dí, ọkọ̀ á wá máa fa ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́ fún Áfíríkà tàbí fún àwọn Lárúbáwá, ọ̀pọ̀ wọn ò ní in, ìyẹn ni mo fọwọ́ sí fún tiwa.

Ní ti títà lọ́jọ́ iwájú: kẹ́nikẹ́ni má tàn yín pé àwọn ará Nàìjíríà á sáré wá ra VX-L lọ́wọ́ yín. Láti January 2017 ni ìjọba wọn ti fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé, ọjà wa ní Kútọnù sì ti yàtọ̀ látìgbà náà. Gasoil gan-an, àwọn ò fẹ́ràn ẹ̀ tó bí àwa ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Níbí lẹ ó ti tà á, ẹni tó bá sì fẹ́ ra Prado níbí, ẹ́ńjìnì àti ìwé ló kọ́kọ́ máa ń béèrè. Asíráǹsì ẹ̀ ńkọ́? Ti dandan yẹn, agbára ẹ́ńjìnì ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, kò ní yí padà. Tous risques (asíráǹsì tó ń bo gbogbo jàǹbá) ni yóò gòkè, torí iye tí ọkọ̀ tó ni wọ́n ń wò.

Àgbẹ̀_Ṣábẹ̀

Àna wa, ẹ kú àlejò sí Ṣábẹ̀ o, tí ẹ bá tún gòkè wá ẹ yà kí wa. Mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ, kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní kẹ́ ẹ ki ríìmù VX sí TX-L, ẹ dúró ná.

TX-L, táyà 265/65R17 ló wọ̀. VX-L, 265/60R18. Gíga táyà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ róbà ti 17 ga tó mìlímítà 172, ti 18 ò ju 159 lọ. Mìlímítà 13 tó yọ kúrò yẹn, irin ló gbapò ẹ̀. Róbà ló ń gba kòtò kó tó dé ara ìyá yín, irin ò gba nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ìrọ̀rùn lẹ ń wá tí ẹ sì ki ríìmù 18 sí i, ẹ̀yìn lẹ ń padà sí. 17 yẹn náà ni Hilux ń wọ̀, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, níbi tí àwọn Hilux iṣẹ́ oko àti ti ìjọba pọ̀ sí, ẹ ó rí táyà ẹ̀ rà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ni afẹ́fẹ́ táyà. Àwọn tó ń fẹ́ táyà lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀pọ̀ wọn ń ki afẹ́fẹ́ kún un ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ní kò ní tètè jẹ. Ẹ wo pátákó tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn dírẹ́bà, iye tó yẹ wà níbẹ̀, ti iwájú lọ́tọ̀ ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ẹ ra ìwọ̀n tiyín, ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ nígbà tí táyà bá ṣì tutù, torí tó bá ti rìn, ooru á gbé nọ́ńbà yẹn sókè, á sì tàn yín jẹ. Lẹ́yìn náà amọ́tísọ̀ ẹ̀yìn. Ọkọ̀ 2018 tó ń gba ọ̀nà oko, tó bá jẹ́ amọ́tísọ̀ tó bá a wá ló ṣì wà lára ẹ̀, ó ti kú. Ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ti rin ín, tí ara ẹ̀ sì ti dì pọ̀ mọ́ erùpẹ̀, dúdú, tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Sípíríńgì tó dára pẹ̀lú amọ́tísọ̀ tó kú, ìdí ọkọ̀ á máa fò ni, ìyẹn gan-an ni ìyá yín ń sọ.

Ibo ni wọ́n tiẹ̀ ń jókòó sí? Tó bá jẹ́ ìlà kẹta, orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gan-an ni wọ́n jókòó lé, VX-L ò ní yí ìyẹn padà.

ỌmọKétu_Àjàṣẹ́

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ti lọ wo VX-L yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ́ mi. Pátákó ẹ̀ bá férémù mu, ẹni tó ń ta pièces wò ó, ó ní VX-L ni lóòótọ́, ó jáde pẹ̀lú róbà afẹ́fẹ́. Mo wọ abẹ́ ẹ̀, n ò rí KDSS. Ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ́yìn ti sọ̀ láàárọ̀, èèyàn rí i lójú láìfi rúlà wọ̀n ọ́n. Mo sọ fún ẹni tó ń tà á, ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń rí, pé tí mo bá ti ṣíná á gòkè padà. Ó gòkè padà lóòótọ́, àmọ́ ó pẹ́, kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ yẹn sì ń han-n bí ẹ ṣe wí.

TX-L mi, mo rí SRS lára ìjókòó iwájú àti lára òpó, mo rí bọ́tìnnì VSC. Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ṣeun gan-an, ọkàn mi balẹ̀ lórí ìyẹn. Àgbẹ̀, ìlà kejì ni ìyá mi ń jókòó sí, lápá ọ̀tún, àmọ́ afẹ́fẹ́ táyà ga púpọ̀ ju ti orí pátákó lọ, mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síye tó yẹ. Amọ́tísọ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún, dúdú bẹ́ẹ̀ ló wà.

Mo ti pe ẹni tó ń ta VX-L pé n ò rà á mọ́. Iná ni mo ṣì ń kẹ́dùn, ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn wọ̀ mí lára, torí mo máa ń rin òru. Mẹ̀káníìkì, ṣé ẹ lè bá mi wá odindi ilé iná LED tó jẹ́ ti Prado 2018 gan-an, àti amọ́tísọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Iye tó bá jẹ́, ẹ sọ ọ́.

Mẹ̀káníìkì_Wàǹdó

Amọ́tísọ̀ kò ṣòro, ojúlówó ni n ó bá yín wá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àwọn silentbloc (róbà tó wà níbi oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀) ẹ̀yìn torí wọ́n ti bá amọ́tísọ̀ yẹn jìyà pọ̀, tí a bá fi wọ́n sílẹ̀ ariwo ò ní lọ. N ó fi iye ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Iná yẹn ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù, ilé iná LED tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ní jàǹbá wà ní Kútọnù, àmọ́ wáyà ẹ̀ yàtọ̀ sí ti TX-L, mo fẹ́ rí i lójú kí n tó gba owó yín. Kí n tó rí i, ẹ jẹ́ n bá yín nu gíláàsì iná tó wà lára ẹ̀, ti 2018 ti máa pọ́n, kí n sì tún bó ṣe ń kọjú sílẹ̀ tò, ẹ ó rí ìyàtọ̀ lálẹ́.

Ẹ gbé e wá láàárọ̀ Thursday kí oòrùn tó mú, ẹ kó ẹrù inú bọ́ọ̀tù kúrò kó fúyẹ́. Tí ìyá bá ráyè kí wọ́n tẹ̀ lé yín wá, tí a bá dè é tán a ó jọ wà á lọ sápá Àjàrá ká padà, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ bó ṣe ṣe wọ́n.